Ọkọ̀ Ojú Omi Láti Ara Ike Omi: Bí A Ṣe Ń Ṣe É àti Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kó Rì

Ní Tema, ìlú èbúté tó wà ní ìlà-oòrùn Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, oríṣi ọkọ̀ ojú omi méjì ló ń gbé nítòsí ara wọn. Èkíní ni ọkọ̀ onígi àwọn apẹja, tí wọ́n tò jọ sí èbúté apẹja. Wọ́n kùn wọ́n ní pupa, yẹ́lò àti búlúù, wọ́n kọ òwe àti ọ̀rọ̀ àdúrà sí wọn lára, wọ́n sì ta àsíá sí wọn lórí. Èkejì ni ọkọ̀ irin ńláńlá tó ń kó kọ̀ǹténà wá sí èbúté tí ìjọba Kwame Nkrumah ṣí ní ọdún 1962. Ọmọ tó bá rí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà kò ní ṣàì béèrè pé: ti igi yé mi, igi kì í rì, irin ńkọ́?

Ohun tí a ó fi dá a lóhùn kò jìnnà, ó wà nínú ilé yín. A ó fi ike omi ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó ń gbé ẹrù, tó sì ń rin ìrìn ara rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é ni a ó máa rí ìdí tó fi ń léfòó. Nígbà tí a bá máa fi parí, ẹ ó ti lè sọ iye ẹrù tí ọkọ̀ kan lè gbé kí ẹ tó gbé ẹrù kankan sínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ohun èlò jọ. Ẹ wá ike omi onílítà kan àtààbọ̀ tó ti ṣófo, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ẹ wá ike kékeré onímílílítà 500 kan, agolo sàdíìnì òfìfo kan, àti omi inú ọ̀rá méjì tí ẹ kò tíì já, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní píọ́wọ́tà. Ẹ wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń di owó méjì tàbí mẹ́ta, ìdérí ike bọ́tà àtijọ́ kan, àti igi mẹ́rin irú èyí tí wọ́n fi ń gún súyà, ẹran tí àwọn ará Gánà ń pè ní chichinga. Ẹ fi sẹ́lótéèpù, sísọ́ọ̀sì, máákà tí omi kì í pa rẹ́ àti bàsíà ìfọṣọ ńlá kan tó jinlẹ̀ kún un.

Agolo sàdíìnì ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣọ́ etí rẹ̀, nítorí ó máa ń mú bí abẹ. Ẹ bu omi kún bàsíà, kí ẹ sì rọra gbé agolo náà lé ojú omi, kí ẹnu rẹ̀ wà lókè. Yóò léfòó. Ẹ mú un kúrò, kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ tì í wọnú omi kí omi lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ ó rí i tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bàsíà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Agolo kan náà ni, irin kan náà ni, ìwúwo rẹ̀ kò sì yí padà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní ìgbà àkọ́kọ́, ihò inú agolo lé omi sẹ́yìn. Ní ìgbà kejì, omi ti gba ihò náà.

Nígbà tí ohun kan bá wọ inú omi, omi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò fún un. Ẹ fi wé trotro, ọkọ̀ akérò àwọn ará Gánà, tó ti kún. Bí èrò kan bá tún fẹ́ jókòó, àwọn tó ti wà níbẹ̀ á sún, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sún ni wọ́n ń fi ara ti ẹni tó ń wọlé padà. Bẹ́ẹ̀ ni omi ń ṣe. Ó ń fún nǹkan láyè, ó sì ń tì í padà sókè. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, buoyancy ni wọ́n ń pe agbára tí omi fi ń ti nǹkan sókè yìí. Àwa yóò máa pè é ní agbára ìgbéléfòó.

Báwo ni agbára ìgbéléfòó ṣe pọ̀ tó? Archimedes, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì kan tó gbé ìlú Syracuse ní nǹkan bí 2,200 ọdún sẹ́yìn, ló fi òfin rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó ní agbára tí omi fi ń ti nǹkan sókè bá ìwúwo omi tí nǹkan náà tì kúrò dọ́gba. Bí omi tí nǹkan tì kúrò bá wúwo tó nǹkan náà, yóò léfòó. Bí kò bá wúwo tó o, yóò rì.

Èyí ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ irin. Irin wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ omi. Bí ẹ bá ju ègé irin kan sínú omi, omi tó tì kúrò kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìwúwo ara rẹ̀ lọ, kò sì sí bí kò ṣe ní rì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá na irin náà di pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bí abọ́, àyè tó gbà nínú omi á pọ̀ sí i, omi tó ń tì kúrò á sì pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin náà kò wúwo jù bó ṣe wà lọ. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ irin, abọ́ ńlá ló ń ṣe.

Ó tó àkókò kí a gé ọkọ̀ tiwa. Ẹ dá ike ńlá náà dùbúlẹ̀. Ẹ fi máákà fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní agbedeméjì gíga rẹ̀, láti èjìká ike náà títí dé ibi tó ku ìka méjì sí ìdí rẹ̀. Ẹ fi ilà so méjèèjì pọ̀ lókè ní iwájú àti lẹ́yìn, kí ó lè di fèrèsé gbọọrọ. Àgbà ni kó fi ọ̀bẹ lu ihò àkọ́kọ́. Sísọ́ọ̀sì ni yóò gé ìyókù. Ẹ má ṣe gé ọrùn ike náà, kí ẹ sì dé ìdérí rẹ̀ pinpin. Ẹ fi sẹ́lótéèpù wé etí tí ẹ gé yípo kó má baà ya ọmọ lọ́wọ́. Ibi ọrùn ni iwájú ọkọ̀, ibi ìdí ike ni ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e sójú omi, ẹ kọ́kọ́ bu omi sínú rẹ̀. Ó lè dà bí ìdàkejì ohun tó yẹ kí ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ dì í mú kó má yí, kí ẹ sì bu omi sí i títí omi yóò fi kan etí ibi tí ẹ gé. Ẹ wá rọra da omi náà sínú ike kékeré onímílílítà 500. Yóò kún un lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ṣẹ́kù á sì tún dé nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ó fi díẹ̀ lé tàbí kó fi díẹ̀ dín, mílílítà 750 nìyẹn.

Lítà omi kan wúwo kìlógíráàmù kan. Mílílítà 750 tí ẹ wọ̀n yìí wá jẹ́ gíráàmù 750. Bí ọkọ̀ yín bá wọ inú omi títí dé etí, ìwọ̀n omi tí yóò tì kúrò nìyẹn, òun náà sì ni àpapọ̀ ìwúwo tí omi lè bá a gbé. Ìwúwo ike fúnra rẹ̀ wà nínú àpapọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ike fúyẹ́ gan-an. Ẹ fi máákà kọ 750 sí ara ọkọ̀ náà, tàbí iye yòówù tí ẹ bá wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a dán iye náà wò. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sínú bàsíà, kí ẹ sì tẹ́ omi inú ọ̀rá kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gbọọrọ. Omi inú ọ̀rá kan jẹ́ mílílítà 500, ìyẹn gíráàmù 500. Ọkọ̀ á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ nínú omi, ṣùgbọ́n á gbé e, etí rẹ̀ á sì ku nǹkan bí ìbú ìka kan sí ojú omi. Ẹ wá gbé èkejì lé e. Kí ẹ tó fi ọwọ́ sílẹ̀ tán, omi á ti gba etí wọlé, ọkọ̀ á sì kún. Gíráàmù 1,000 ju 750 lọ. Ìṣirò ti sọ ọ́ fún yín ṣáájú.

Ẹ da omi tó wà nínú ọkọ̀ nù, ẹ gbé omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo padà sínú rẹ̀, kí ẹ fi máákà sàmì sí ibi tí omi dé lára ike náà lóde. Àmì yìí wà lára ọkọ̀ òkun pẹ̀lú. Ní ọdún 1876, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n máa fa ilà sí ara ọkọ̀ láti fi ibi tó gbọ́dọ̀ wọ omi dé hàn, nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ kan ń di ẹrù jù, àwọn atukọ̀ sì ń bómi lọ. Samuel Plimsoll, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ló jà fún òfin náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Plimsoll line. Àwa yóò máa pè é ní ilà òdiwọ̀n ẹrù. Bí omi bá ti bo ilà náà, ẹrù ti pọ̀ jù.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn agbẹ́kọ̀ Gánà ń lò. Igi tí wọ́n ń pè ní wawa ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́. Igi arère tiwa ni. Inú igbó ni wọ́n ti ń gé e, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀ kó lè fúyẹ́ fún gbígbé, kí wọ́n tó gbé e wá sí etí òkun láti parí rẹ̀. Arère gbígbẹ kò wúwo tó ìdajì omi, nítorí náà ìtì rẹ̀ lódidi kò lè rì. Ṣùgbọ́n ìtì igi kò ní ikùn tí a lè kó àwọ̀n àti ẹja sí. Gbígbẹ́ inú rẹ̀ ló ń fún un ní ikùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí etí rẹ̀ lè ga sí i.

Ọgbọ́n pákó yẹn ni kí ẹ fi yẹ ọkọ̀ tiyín wò. Bí etí bá ga, ọkọ̀ lè wọ omi jìn sí i kí omi tó wọlé, omi tó ń tì kúrò á pọ̀ sí i, ẹrù rẹ̀ náà á sì pọ̀ sí i. Bí ẹ bá tún rí ike mìíràn, ẹ gé fèrèsé rẹ̀ sókè díẹ̀ ju agbedeméjì lọ, kí ẹ sì fi omi wọ̀n ọ́n. Ẹ ó rí i pé iye rẹ̀ ju 750 lọ, bẹ́ẹ̀ ike kan náà ni.

Ọkọ̀ lè má rì, síbẹ̀ kó dojú dé. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yín, kí ẹ fi ìka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò mì, yóò sì padà sí ààyè rẹ̀. Ẹ wá kó àwọn òkúta náà sínú agolo sàdíìnì, kí ẹ gbé agolo lé orí ìdérí bọ́tà tí ẹ tẹ́ sí etí ọkọ̀. Bí ẹ bá tún tì í báyìí, ó ṣeé ṣe kó dojú dé. Òkúta kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti gòkè. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja fi ń kó àwọ̀n àti ẹja sí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, tí àwọn tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ irin sì fi ń to kọ̀ǹténà tó wúwo jù sí ìsàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ sí òkè.

Omi tó bá wọ inú ọkọ̀ burú ju ìwúwo rẹ̀ lọ. Ẹ da ife omi kan sínú ọkọ̀ yín, kí ẹ mì í. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ọ̀tún, omi inú rẹ̀ á ṣàn lọ sí ọ̀tún, á sì tún bá a tẹ̀ ẹ́. Òkúta kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá jókòó dáadáa. Nítorí náà ni gbígbọ́n omi ṣe jẹ́ iṣẹ́ gidi nínú ọkọ̀ apẹja. Wọn kì í fi falẹ̀ títí omi yóò fi pọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ti dúró dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀rọ. Ẹ fi sẹ́lótéèpù di igi súyà méjì pọ̀ kí wọ́n lè le, kí ẹ sì di méjì yòókù náà pọ̀. Ẹ gé ẹnu wọn tó mú sọnù. Ẹ lẹ ìkan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀, ìkejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, ní ìsàlẹ̀ etí díẹ̀, kí wọ́n yọ sẹ́yìn ọkọ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Ẹ fi rọ́bà kọ́ orí igi méjèèjì yípo, kí ó nà tààrà láti ọ̀tún sí òsì. Bí rọ́bà bá fa orí igi méjèèjì súnmọ́ra jù, ẹ fi sẹ́lótéèpù kún ìdè wọn.

Ẹ gé àjẹ̀ láti ara ìdérí bọ́tà: onígun mẹ́rin ni, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́fà. Ẹ ki í bọ àárín okùn rọ́bà méjèèjì, kí rọ́bà lè há a mọ́ra ní agbedeméjì. Ẹ rí i dájú pé ó lè yí láìkan ìdí ọkọ̀ tàbí igi. Bí ó bá ń yọ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni yíyí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì máa ti òkè àjẹ̀ náà sẹ́yìn, ìyẹn kúrò lọ́dọ̀ ọkọ̀. Ẹ yí i bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 20 sí 30. Ẹ di àjẹ̀ mú, ẹ gbé ọkọ̀ sójú omi, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Rọ́bà á tú ara rẹ̀ sí òdìkejì ibi tí ẹ yí i sí, ìsàlẹ̀ àjẹ̀ á máa gbá omi sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì máa lọ síwájú. Bí ó bá ń lọ sẹ́yìn, ẹ kàn yí i sí ìhà kejì.

Kí ló gbé ọkọ̀ lọ síwájú nígbà tó jẹ́ ẹ̀yìn ni a gbá omi sí? Bí àjẹ̀ bá ti omi, omi náà á ti àjẹ̀ padà pẹ̀lú agbára kan náà, àjẹ̀ sì wà lára ọkọ̀. Isaac Newton tẹ òfin yìí jáde ní ọdún 1687. Ẹni tó ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀ ń lò ó, ẹ̀rọ tí àwọn apẹja Tema ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn náà ń lò ó: gbogbo wọn ni wọ́n ń ti omi sẹ́yìn.

Bí àjẹ̀ bá ń yí lásán tí kò kan omi dáadáa, ọkọ̀ yín fúyẹ́ jù. Ẹ da òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìsàlẹ̀ àjẹ̀ yóò fi wọ omi. Àwọn ọkọ̀ òkun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí wọn kò bá ní ẹrù tó, wọ́n á fa omi òkun sínú àwọn táǹkì ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ lè jókòó dáadáa, kí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ tó ń ti omi lè wà nínú omi. Bí ọkọ̀ yín bá ń pòòyì dípò kó lọ tààrà, ẹ wo igi méjèèjì bóyá wọ́n gùn dọ́gba, kí ẹ sì gbé ẹrù sí àárín. Bí ó bá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá, ẹ wá ike kékeré òfìfo kan sí i, kí ẹ dé méjèèjì pinpin, kí ẹ sì lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ṣì kù. Lítà omi òkun kan wúwo ju lítà omi ẹ̀rọ lọ ní nǹkan bíi gíráàmù 25, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Omi tó wúwo máa ń gbé nǹkan sókè jù. Ẹ fi ẹyin tútù dán an wò: yóò rì nínú ife omi lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń po iyọ̀ mọ́ omi náà, yóò gòkè nígbà tó bá yá. Lára ọkọ̀ ike, ìyàtọ̀ náà kò tó mílímítà kan, ojú kò lè rí i. Àmọ́ ọkọ̀ òkun tó wọ omi ní mítà 12 lè sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí i bó bá ti inú òkun wọ odò tí kò ní iyọ̀. Nítorí náà ni ilà òdiwọ̀n ẹrù fi ju ẹyọ kan lọ lára ọkọ̀: F fún omi tí kò ní iyọ̀, T fún òkun ilẹ̀ olóoru, W fún ìgbà òtútù tí ìjì máa ń le.

Inú bàsíà tàbí ọpọ́n ìwẹ̀ ni kí ọmọ ti ṣeré yìí, kí àgbà sì wà nítòsí. Etí òkun àti èbúté kì í ṣe ibi ìdánwò. Bí ẹ bá fẹ́ kó rí ọkọ̀ apẹja gidi, ẹ mú un lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ní etí òkun àwọn Ga, ẹ̀yà tó wà ní agbègbè Accra àti Tema, apẹja kì í wọ òkun lọ́jọ́ náà, àwọn ọkọ̀ wọn á wà nílé. Ẹ jẹ́ kó wo pákó tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, àti bí etí wọn ti ga tó sí ojú omi.

Nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ wá nǹkan mìíràn tó lè di ọkọ̀: abọ́ ike áísìkiriìmù, ìdajì akèrègbè, tàbí páálí mílíìkì tí omi kì í wọ̀. Kí ọmọ tó bu omi sínú rẹ̀ láti wọ̀n ọ́n, ẹ ní kó kọ iye gíráàmù tó rò pé yóò gbé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó wọ̀n ọ́n, kó di ẹrù sí i, kó sì fi èyí tó kọ wé èyí tó rí.